Eré Ọ̀pá: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ àti fún Òǹwòran

Àwọn baba wa a máa wí pé ènìyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ eré ìje ní ilé-ẹ̀kọ́, a ń rí àwọn ọmọ tí ń sáré tete lórí pápá, tí kò sí ẹran níwájú wọn, tí kò sì sí ogun lẹ́yìn wọn. Kí ni wọ́n ń lé? Àwa náà tí a dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, tí a ń pariwo títí ohùn wa fi há, kí ni àwa ń lé?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú ẹ̀kọ́, ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú ìwé ìròyìn wa yìí. A kò kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí eléré, nítorí ẹsẹ̀ wa kò yá, gbogbo yín ni ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí olùfẹ́ eré ìje ni a ń kọ ọ́, àwa tí a kì í pẹ́ dé ibi pápá, tí a sì mọ orúkọ àwọn tí ó sáré àti iye ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi sá a. A ti rò tẹ́lẹ̀ rí pé ẹni tí ó bá mọ nǹkan wọ̀nyí ti mọ eré. Ohun tí ojú wa rí ní Ararọ̀mí-Òwu ni ó kọ́ wa pé ó kù.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Nígbà tí a rán wa jáde láti lọ fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò, apá Ìkirè àti Àpòmù ni ó bọ́ sí wa lọ́wọ́, a sì lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní Ararọ̀mí-Òwu. Ẹni tí ó bá ka ìtàn yóò rántí pé ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjà Àpòmù wà lára ohun tí ó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1820. Ènìyàn púpọ̀ ni ó sáré ní ilẹ̀ yìí nígbà náà, kì í sì í ṣe nítorí ife-ẹ̀yẹ. Nǹkan ni ó ń lé wọn. Lónìí, àlàáfíà wà, oko kòkó sì yí àwọn ìletò ká. Ọmọ tí ó bá ń sáré lójú ọ̀nà oko, aago ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń sá fún.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí a wà ṣe ọjọ́ eré ìje kan kí a tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ilé mẹ́rin: Ilé Pupa, Ilé Búlúù, Ilé Àwọ̀ Ewé àti Ilé Yẹ́lò. Ilé Pupa ni wọ́n fi sí abẹ́ ìtọ́jú wa. Gbogbo eré tí a sá láti òwúrọ̀ ni ó ń dára fún wa, títí ó fi ku eré kan ṣoṣo tí ó máa ń parí ọjọ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí a ó máa pè ní eré ọ̀pá nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ènìyàn mẹ́rin ni ó ń sá a gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ kan. Ẹni kìíní yóò mú ọ̀pá kúkurú kan lọ́wọ́, yóò sáré dé ọ̀dọ̀ ẹni kejì, yóò fi ọ̀pá náà lé e lọ́wọ́. Ẹni kejì yóò sáré lọ bá ẹni kẹta, ẹni kẹta yóò lọ bá ẹni kẹrin, ẹni kẹrin ni yóò sì gbé e délé. Igi ọparun ni wọ́n gé fún wa ṣe ọ̀pá náà.

Ọmọ wa kìíní ya gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni kejì, ó na ọ̀pá sí i, ẹni kejì na ọwọ́ sẹ́yìn, ọ̀pá sì bọ́ sílẹ̀. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ mú un, àwọn mẹ́ta yòókù ti kọjá. Ipò kẹrin ni a wà nígbà tí eré parí, ife-ẹ̀yẹ tí a ti ń fi ojú sí lára láti òwúrọ̀ sì lọ sí ọwọ́ Ilé Búlúù.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni a kò lè gbàgbé. Àwọn ọmọ Ilé Pupa yí ọmọ kejì náà ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pè é ní Asọ̀pánù, wọ́n sì tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀ láti pápá títí dé ojú ọ̀nà ńlá. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ wọn kò dá wọn lẹ́kun. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ tán: a rẹ́rìn-ín. Inú wa kò dùn nítorí ife tí ó bọ́ lọ́wọ́ wa, ó sì dàbí ẹni pé àwọn ọmọ náà ń bá wa sọ ohun tí ó wà ní ọkàn wa.

Ọmọ náà kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kejì. Kò wá ní ọjọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹrin, a lọ sí ilé wọn. Ìyá rẹ̀ ń yí kòkó tí ó sá sí ojúde, ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì fún wa ní àga. Lẹ́yìn tí a ti kí i tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá wí pé, “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má bínú o. Mo fẹ́ béèrè ni. Kí ni ọmọ mi jí?”

A wí pé kò jí nǹkan kan.

Ó ní, “Mo gbọ́ àtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Olè ni a máa ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé bẹ́ẹ̀ nílùú tí wọ́n ti bí mi.”

A kò rí èsì fún obìnrin yìí. A jókòó síbẹ̀, a ń wo kòkó. Nígbà tí a padà dé ibùgbé wa ni a wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú ohun tí a mọ̀ nípa eré ìje, bóyá a ó rí èyí tí ó lè dá wa láre. A kò rí ọ̀kan. Èyí tí a rí ni a fẹ́ fi kọ́ ara wa nísinsìnyí.

KÍ NI Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó WÀ NÍNÚ ERÉ Ọ̀PÁ?

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè pé nínú gbogbo ẹgbẹ́ eléré ìje tí orílẹ̀-èdè wa ti rán jáde, èwo ni a fẹ́ràn jù, a kò ní ronú kí a tó dáhùn. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí ó sá eré ọ̀pá ti 100 mítà lọ́nà mẹ́rin fún Nàìjíríà ní Eré Òlíńpíìkì ti ìlú Barcelona, ní ilẹ̀ Sípéènì, ní ọdún 1992 ni. Orúkọ wọn nìwọ̀nyí bí wọ́n ti tẹ̀lé ara wọn: Oluyemi Kayode, Chidi Imoh, Olapade Adeniken àti Davidson Ezinwa. Òṣogbo ni a bí Adeniken sí, èyí tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nítorí náà ọmọ ìpínlẹ̀ kan náà ni òun àti àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ní Ararọ̀mí-Òwu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ọkọ̀ọ̀kan wọn dá ṣe ní Barcelona náà. Nínú eré 100 mítà, Adeniken àti Ezinwa dé ìpele tí ó kẹ́yìn, níbi tí ènìyàn mẹ́jọ péré nínú gbogbo ayé ń kù sí. Adeniken ṣe ipò kẹfà, Ezinwa sì ṣe ipò kẹjọ. Nínú eré 200 mítà, Adeniken àti Kayode ni ó dé ìpele tí ó kẹ́yìn. Adeniken ṣe ipò karùn-ún, Kayode sì ṣe ipò keje. Kẹfà, kẹjọ, karùn-ún, keje: kò sí àmì-ẹ̀yẹ kan fún ọ̀kankan nínú ipò wọ̀nyí. Bí ó bá ṣe pé ibẹ̀ ni eré parí sí, àwọn òǹwòran ìbá wí pé wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọn kò mú nǹkan bọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ọ̀pá kan so ara wọn pọ̀, ipò kejì ni wọ́n ṣe ní gbogbo ayé. Amẹ́ríkà ni ó gba wúrà pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 37.40, èyí tí kò sí ẹgbẹ́ kan tí ó tíì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Nàìjíríà gba fàdákà pẹ̀lú 37.98. Kúbà gba idẹ pẹ̀lú 38.00. Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín fàdákà àti idẹ: ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú kò lè ṣẹ́ láàárín àkókò yẹn. Bí ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn bá ṣe yẹ̀ díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba ọ̀pá, fàdákà ti lọ. Àwọn obìnrin wa pẹ̀lú gba idẹ nínú eré ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ní Barcelona kan náà.

Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ ìṣirò wà fún kíláàsì wa. Ẹ pín 37.98 sí ọ̀nà mẹ́rin. Ohun tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò pé 9.50. Bẹ́ẹ̀ ni Usain Bolt ti Jàmáíkà, ẹni tí ó yára jù lọ tí a tíì rí, 9.58 ni ó sá 100 mítà nígbà tí ó ṣe tirẹ̀ tí ó dára jù ní ìlú Berlin ní 2009. Adeniken fúnra rẹ̀, 9.95 ni ó sá ní 1994. Ǹjẹ́ báwo ni àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí kò yára tó Bolt ṣe wá sá a bí ẹni pé wọ́n yára jù ú lọ?

Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí ó bá dá 100 mítà sá, láti ìdúró ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ara a sì máa wúwo kí ó tó gbé. Ní Berlin yẹn, mítà mẹ́wàá àkọ́kọ́ gba Bolt ní 1.89, ṣùgbọ́n nígbà tí eré wọ̀ ọ́ lára, láti mítà ọgọ́ta dé ọgọ́rin, èyí tí í ṣe ogún mítà, 1.61 péré ni ó gbà á. Nínú eré ọ̀pá, ẹni kìíní nìkan ni ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdúró. Àwọn mẹ́ta yòókù ti ń sáré bọ̀ kí ọ̀pá tó kàn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fi àyè ọgbọ̀n mítà sílẹ̀ lójú ọ̀nà fún èyí. Nínú rẹ̀ ni ọ̀pá gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó lé ẹgbẹ́ náà kúrò nínú ìdíje. Ọ̀pá ni ó ń sá eré náà; ènìyàn kàn ń gbé e ni. Ẹgbẹ́ tí ọ̀pá rẹ̀ kò bá dúró rárá ni yóò borí, ìbá à ṣe pé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ kò yá jù.

Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ tí ó ní àwọn ènìyàn tí ó yára jù fi máa ń ṣubú. Amẹ́ríkà, tí ó lọ́rọ̀ jù nínú àwọn tí ó lè sáré, fi ọ̀pá ṣòfò ní Páríìsì ní 2024: ẹni kìíní àti ẹni kejì wọn kò bá ara wọn mu, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Ejò tí ó lóró jù kò bọ́ nínú òwe náà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ọmọ wa. Ta ni ó sọ ọ̀pá nù ní Ararọ̀mí-Òwu? Gbogbo wa wí pé ẹni kejì ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó ti gbé ẹrù ru ẹlòmíràn rí mọ̀ pé a kì í jáwọ́ kí ọwọ́ ẹni tí ó ń rù ú tó mú un dáadáa. Ẹni kìíní wa sáré wá, ó na ọ̀pá, ó sì jáwọ́. Ẹni kejì kò tíì mú un. Ìdí tí èyí sì fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé a kò kọ́ wọn. Eré ni a ní kí wọ́n máa sá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. A kò ní kí wọ́n fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Bí ẹnì kan bá wà tí ó yẹ kí a pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé lójú ọ̀nà, àwa ni.

ẸNI KARÙN-ÚN

Ẹnì kan lè wí pé eré ọ̀pá yàtọ̀, pé nínú eré mìíràn, ẹni tí ó gba ipò kìíní ni ẹni tí ó ṣe iṣẹ́. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ti ń ka máàkì láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nínú ìdíje ńlá wọn ti orí pápá, ẹni kìíní a gba máàkì 10, ẹni kejì 8, ẹni kẹta 6, lẹ́yìn náà 5, 4, 3, 2, ẹni kẹjọ a sì gba 1. Ẹni kẹjọ kò lọ ní ọwọ́ òfo. A máa kó máàkì rẹ̀ kan mọ́ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí máàkì kan yẹn jẹ́ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò fi gba ife.

Eré ọ̀nà jíjìn inú pápá àti orí òkè ni ó tún fi èyí hàn jù. Ènìyàn méje ni ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń mú wá síbẹ̀; ipò àwọn márùn-ún tí ó kọ́kọ́ dé nínú wọn ni a ó ro pọ̀, ẹgbẹ́ tí àròpọ̀ rẹ̀ bá kéré jù ni ó borí. Ká wí pé àwọn márùn-ún ti Ilé Pupa ṣe ipò kìíní, ìkejì, ìkẹrìnlá, ogún àti ìkejìdínlọ́gbọ̀n. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 65. Ká wí pé ti Ilé Búlúù ṣe ipò karùn-ún, ìkẹfà, ìkẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkejìlá. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40. Ilé Pupa ni ó ni ẹni kìíní àti ẹni kejì, síbẹ̀ Ilé Búlúù ni ó borí, kò sì kù díẹ̀. Ẹni karùn-ún ni ó ń sọ irú ẹgbẹ́ tí a jẹ́. Kò sí òǹwòran tí í dúró dè é. Gbogbo wọn ti lọ kí ẹni kìíní kú oríire.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ óò di olùkọ́, ǹjẹ́ kíláàsì wa kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́? Ọmọ tí ó ń ṣe ipò kìíní yóò mọ̀wé, ìbá à ṣe pé a fẹ́ tàbí a kọ̀. Ẹni ogún ni yóò sọ bóyá a kọ́ni tàbí a kò kọ́ni.

ÌDÁJỌ́ ÒǸWÒRAN

Àṣìṣe kejì tí àwa olùfẹ́ eré máa ń ṣe ni pé a máa ń yára dájọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú ti Tobi Amusan, ọmọbìnrin tí a bí sí Ìjẹ̀bú-Òde ní 1997. Eré 100 mítà tí a ń fò lórí igi mẹ́wàá ni tirẹ̀. Ó gba wúrà nínú Eré Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ní 2015, kí ó tó lọ sí yunifásítì tí ó wà ní ìlú El Paso ní Texas. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni Adeniken ti Òṣogbo ti lọ ṣáájú rẹ̀. Ní 2017, ó borí gbogbo àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Amẹ́ríkà nínú eré yìí, ní pápá kan ní ìlú Eugene.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní July 24, 2022, ó padà sí Eugene yìí fún ìdíje gbogbo ayé. Nínú ìpele tí ó ṣáájú èyí tí ó kẹ́yìn, ó sá a ní 12.12. Kò sí obìnrin kan tí ó tíì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí, 12.20 tí Kendra Harrison ti Amẹ́ríkà sá ní 2016 ni ó ti wà ṣáájú. Ní ọjọ́ náà gan-an, ó tún sá 12.06 nínú ìpele tí ó kẹ́yìn, ó sì gba wúrà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó fẹ́ láti ẹ̀yìn ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ, nítorí náà a kò ka 12.06 yẹn sí èyí tí ó dára jù láyé. Gbogbo Nàìjíríà ni ó yọ̀. Àwa náà yọ̀.

Ní 2024, ó lọ sí Páríìsì fún Eré Òlíńpíìkì, kò sì dé ìpele tí ó kẹ́yìn. Ohun tí ènìyàn kò sọ sí i kò sí. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí wà lára àwọn tí ó wí pé tirẹ̀ ti parí. Ní 2025, ó lọ sí Tokyo ní Jàpáánì fún ìdíje gbogbo ayé, ó sì gba fàdákà. Ẹnu wa dí. Bí a bá lè ṣìnà bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tí gbogbo ayé ti fi aago wọn eré rẹ̀, mélòómélòó ni nípa ọmọ ọdún mọ́kànlá kan tí a rí ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lórí pápá?

Ó yẹ kí a sọ èyí pẹ̀lú. Àwọn kan a máa wí pé Amẹ́ríkà ni ó ṣe àwọn eléré wa. Lótìítọ́, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ibẹ̀ ń san owó ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó bá lè sáré, wọ́n sì ń fún un ní olùkọ́ eré àti pápá tí ó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ń dìje fún ife kan tí a pè ní Grier Cup. Ní 1966, àwọn yunifásítì wa kó ara wọn jọ sí Ìbàdàn fún ìdíje wọn àkọ́kọ́. Kí ẹnikẹ́ni ní El Paso tó mọ orúkọ Amusan, olùkọ́ kan ti kọ́kọ́ fi aṣọ àmì sí i láyà lórí pápá ní ilẹ̀ wa. Bí olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín ọmọ ní ọjọ́ tí ó ṣubú, ta ni yóò mọ ohun tí ilẹ̀ wa pàdánù?

OHUN TÍ Ó BURÚ JU ÌṢUBÚ LỌ

A kò wí pé kí a máa yin gbogbo nǹkan. Ohun kan wà nínú eré tí ó yẹ kí a kórìíra, òun sì ni ẹ̀tàn. Ní Sydney ní ọdún 2000, àwọn ọkùnrin wa sá eré ọ̀pá ti 400 mítà lọ́nà mẹ́rin. Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong ni ó sá ìpele tí ó kẹ́yìn. Amẹ́ríkà ni ó ṣáájú wọn, fàdákà ni a sì fún Nàìjíríà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn tí òfin kọ̀. A gba wúrà lọ́wọ́ wọn, ní 2012 ni a sì tó pinnu pé Nàìjíríà ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n Sunday Bada ti kú ní December 2011. Kò fi ojú rẹ̀ rí wúrà tí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sá.

Ẹ fi èyí wé ọ̀pá tí ó bọ́. Ẹni tí ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò mú ohun ẹlòmíràn. Ìbẹ̀rẹ̀ mélòó kan sí i, yóò mọ̀ ọ́n mú. Ẹni tí ó tan ni jẹ, òun ni olè. Ìyá yẹn béèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ jí. Kò yẹ kí olùkọ́ kankan ṣe ohun tí yóò mú kí ìyá béèrè irú rẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN DÍẸ̀

Nítorí náà, a gbé ìmọ̀ràn mẹ́rin kalẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ óò ṣe alábòójútó eré ní ilé-ẹ̀kọ́.

Èkíní, ẹ kọ́ wọn ní fífi ọ̀pá léni lọ́wọ́ kí ẹ tó kọ́ wọn ní eré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró sójú kan ní ìlà, kí wọ́n máa fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Lẹ́yìn náà kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n tó máa sá. Ẹni tí ó ń fúnni kò gbọdọ̀ jáwọ́ kí ó tó mọ̀ pé ẹni tí ó ń gbà á ti dì í mú.

Èkejì, ẹ má ṣe fi máàkì fún ẹni kìíní nìkan. Ẹ kà á dé ẹni kẹjọ bí àwọn ọmọ bá pọ̀ tó, kí ọmọ tí ó kẹ́yìn náà mọ̀ pé òun mú nǹkan bọ̀ fún ilé rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ́ àwọn òǹwòran bí ẹ ti ń kọ́ àwọn eléré. Ẹ wí fún wọn ṣáájú pé ilé tí ó bá fi ọmọ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà yóò pàdánù máàkì.

Ẹ̀kẹrin, bí ìbáwí bá yẹ, ẹ bá wọn wí ní ìdákọ́ńkọ́. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

ÌPARÍ

Ọmọ náà padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé. Kí ó tó wọ kíláàsì, a dúró níwájú gbogbo àwọn ọmọ Ilé Pupa, a sì wí fún wọn pé àwa olùkọ́ ni a jẹ̀bi ọ̀pá tí ó bọ́, àti pé àwa ni a tún jẹ̀bi àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa. Ó ṣòro láti sọ. Àwọn ọmọ kò mọ ibi tí wọn yóò kọ ojú sí. Láti ọjọ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá ọparun náà lé ara wa lọ́wọ́, àwa pẹ̀lú wọn, lábẹ́ igi máńgòrò.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a ó kúrò, àwọn ilé mẹ́rin tún eré ọ̀pá náà sá. Ẹni kejì tẹ́lẹ̀ ni ó tún sá ipò kejì. Àwọn mẹ́ta yòókù ni ó ní kí a má ṣe yí i padà. Ipò kẹta ni Ilé Pupa ṣe. Àwọn ọmọ Ilé Búlúù yára jù wá lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kò bọ́. Ìyá ọmọ náà wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ó gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀ kí ó lè ráyè wòran. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀pá délé, ó pàtẹ́wọ́, àwa náà sì bá a pa á.